Bátìrì Hornsdale àti Òkè Dinorwig

Oòrùn àti atẹ́gùn kì í dúró de ẹni tó fẹ́ tan iná, nítorí náà ìlú tó bá gbẹ́kẹ̀ lé wọn gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa tọ́jú iná pa mọ́ sí. Ní Wales, inú òkè ni wọ́n gbẹ́ Dinorwig, ilé iṣẹ́ tó ń fi omi tọ́jú iná pa mọ́, sí, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣí i ní 1984. Nígbà tí iná bá pọ̀ ju ohun tí ará ìlú ń lò lọ, ẹ̀rọ á fa omi láti adágún Llyn Peris gòkè lọ sí Marchlyn Mawr, adágún kejì tó wà lókè. Bí ìlò iná bá tún ga, omi náà á ya wálẹ̀ gba inú tọ́báìnì mẹ́fà (ẹ̀rọ tí omi ń yí láti mú iná wá) kọjá, á sì mú nǹkan bíi mẹgawáàtì (òṣùwọ̀n agbára iná) 1,700 wá fún bíi wákàtí márùn-ún. Iná tó ń bá fífà yìí lọ kò kéré o: nínú ìdá mẹ́rin tí wọ́n fi fa omi, bí ìdá mẹ́ta ló ń padà.

Bátìrì lithium ti Hornsdale ní Gúúsù Ọsirélíà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mẹgawáàtì 100 ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2017, ọdún kan lẹ́yìn tí iná kú ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ìwọ̀nba wákàtí kan àti díẹ̀ ló sì lè fi tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kó tó di pé a ṣẹ́jú, ó ti dáhùn, wọn kò sì lò tó 100 ọjọ́ láti gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn. Bátìrì ń gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún, òkè kì í gbó. Síbẹ̀, fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní òkè, bátìrì ni mo máa mú.