Eyimofe: fíìmù tí kò pariwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù tí ìyá ọkọ ti máa ń fọ́ ìyàwó létí kó tó di pé ẹ jókòó dáadáa, ẹ má bà á débí o. Eyimofe, tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri gbé jáde lọ́dún 2020, kì í kánjú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, ariwo tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti Èkó fúnra rẹ̀ ni: họ́ọ̀nù, jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá.

Àpótí iná tí wáyà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mofe, tí Jude Akuwudike ṣe, ló ń tún un ṣe nílé iṣẹ́. Lóru, á tún lọ ṣọ́dè. Spéènì ló fẹ́ lọ. Kó tó lọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa arábìnrin rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ mọ́jú oorun.

Nínú fíìmù tá a mọ̀, ibí yìí ni wọ́n ti máa ń yí gbiri nílẹ̀. Mofe ò yí nílẹ̀. Owó òkú wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í san. Wọ́n á dárúkọ iye, á lọ wá a, á padà wá, wọ́n á tún dárúkọ òmíràn. Ìwé lórí ìwé. Ojú Akuwudike ni kẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Àwọn kan ní kò mọ eré ṣe. Háà! Ẹni tó bá ti gbòkú jáde ní mọ́ṣúárì rí mọ̀ pé ẹni tí ìnáwó bá já lé léjìká kì í ráyè sunkún.

Apá kejì jẹ́ ti Rosa (Temi Ami-Williams), tó ń ṣerun lọ́sàn-án, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní báà lálẹ́. Òun àti Grace àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sí Ítálì. Mama Esther á bá wọn ṣètò ìwé, ọmọ inú Grace ni wọ́n á fi san án. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń ná ata lọ́jà, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kára mi bù máṣọ.

Fíìmù 16mm gidi (téèpù tí wọ́n ń ká sínú kámẹ́rà látijọ́, kì í ṣe dígítà) ni wọ́n fi yà á, àwọ̀ rẹ̀ gbóná, ó dùn ún wò. Kámẹ́rà a máa dúró sókèèrè, èèyàn á máa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó fà, mi ò ní purọ́. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá fojú fò ó díẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti kọjá nìyẹn. Pijin ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn.

Peter, ará Amẹ́ríkà tó ń yí Rosa ká, ni wọn ò kọ dáadáa tó. Mi ò mọ ohun tó ń rò, ó sì dà bíi pé àwọn tó kọ ọ́ náà ò mọ̀. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti Peter ni.