Blue Badge: iṣẹ́ GOV.UK dáa o, àmọ́ káńsù kì í kánjú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu nílùú ọba níbí, ọ̀rọ̀ Blue Badge ni mo bá wá, báàjì tí wọ́n ń gbé síwájú mọ́tò kí ẹni tí ò lè rìn jìnnà lè rí ibi tó sún mọ́ páàkì sí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tuntun fún màmá mi lórí GOV.UK, ìyẹn ìkànnì ìjọba, ni, inú mi sì dùn sí bó ṣe lọ, àfi ibì kan tó dùn mí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé báàjì yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń fi ọjọ́ kún. Ọdún 3 ló sábà máa ń lò, tó bá ti fẹ́ parí ẹ máa tún béèrè fún un látìbẹ̀rẹ̀ ni, fọ́ọ̀mù tuntun, fọ́tò tuntun, ẹ̀rí tuntun, káńsù á wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rò ó wò, ẹni tó dúró dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló fẹ́ máa gbé síwájú mọ́tò láàárín ìgbà yẹn? Èyí tó ti parí ò wúlò mọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e síbẹ̀ wọ́n lè já ìwé owó ìtanràn fún yín.

Fọ́ọ̀mù ò le, orí fóònù la ti ṣe tiwa. Ẹ wá nọ́ńbà National Insurance sílẹ̀, nọ́ńbà báàjì tó wà lọ́wọ́ yín àti ọjọ́ tó máa parí, ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́tò tí ojú hàn kedere.

Ibi tó gba sùúrù ni ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe ń rìn. Tó bá jẹ́ PIP (owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ẹni tó ní àìsàn tàbí àìlera) lẹ̀ ń gbà tẹ́ ẹ sì ní 8 points sókè níbi ọ̀rọ̀ ìrìn, ẹ̀rí yẹn ti tó. Ṣùgbọ́n Attendance Allowance (owó ìrànlọ́wọ́ fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú) lọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń gbà, òun náà ni màmá mi ń gbà, ìyẹn nìkan ò sì lè gba báàjì fún èèyàn. Káńsù máa fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, báwo lẹ ṣe lè rìn jìnnà tó kẹ́ ẹ tó dúró, ìṣẹ́jú mélòó, ṣé ó ń dùn yín, ṣé mímí ń nira, ṣé ọ̀pá lẹ fi ń rìn, oògùn wo lẹ̀ ń lò. Ẹ sì mọ àwọn àgbà wa, tẹ́ ẹ bá ní "màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" wọ́n á ní "a dúpẹ́, ó ti ń san". Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ ní kí n kọ nìyẹn o! Mi ò gbà. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bi wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, láti ìdí mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ilé oògùn ńkọ́, ọjọ́ tí ìrora bá le jù ńkọ́, ohun tí wọ́n fi dáhùn ni mo sì kọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, òótọ́ tí wọ́n máa ń fi ọpẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí òbí yín nìkan kọ ibẹ̀ yẹn.

Àìsàn tí ò hàn síta náà wà níbẹ̀ o, láti 30 August 2019 ni wọ́n ti fi kún un ní England.

Owó ẹ̀ ò ju £10 lọ ní England, ní Scotland kò ju £20 lọ, ní Wales ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wá a lórí Google, àwọn kan wà tó máa ń jọ ti ìjọba tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá wọn lóhùn, GOV.UK ni kẹ́ ẹ lọ tààrà tàbí kẹ́ ẹ pe káńsù yín.

Ohun tó dùn mí ni pé káńsù wa ò fi lẹ́tà tàbí ímeèlì kankan ránni létí pé báàjì ti fẹ́ parí. Àgbàlagbà tí ò ní ọmọ nítòsí ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá a ka ọjọ́? Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe yọ ọ̀kan. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ti òbí yín lónìí, kẹ́ ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi álààmù sí i lórí fóònù.

Tí tuntun bá dé, ẹ dá ògbólógbòó padà fún káńsù, ẹni tó bá sì fi báàjì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TfL (àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù) kó má baà san Congestion Charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tó bá wọ àárín ìlú níbẹ̀, kó lọ fi ti tuntun ránṣẹ́ sí wọn kó tó wa mọ́tò wọ àárín ìlú.