Kábúrétọ̀ Ìjàpá: ṣé kíìtì fún ti àtijọ́ ni, Brosol Brazil, àbí tuntun láti Ṣáínà?

Ẹni tó bá ṣì ń gun Volkswagen Ìjàpá lónìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, tí bẹntiróòlù á máa rùn wọnú ọkọ̀, tí sílò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìtẹ tọ́tù, ò ní dúró mọ́. Mẹkáníìkì á ní kábúrétọ̀, tó ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti kú. Ohun mẹ́ta lẹ lè rà: kíìtì tí wọ́n á fi tún kábúrétọ̀ Solex tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ṣe, Brosol tí wọ́n ṣe ní Brazil, tàbí tuntun Ṣáínà tí wọ́n kó sínú páálí dídán. Mo ti lo ti Ṣáínà rí. Kíìtì ló wà lórí tèmi báyìí, Brosol sì wà lórí ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo máa ń bá a fọwọ́ kàn án. Mi ò ní sọ̀rọ̀ iye owó, torí iye tí wọ́n bá pè ní Ládìpọ̀, ọjà páàtì l'Ékòó, láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa pè lọ́sàn-án.

Èwo gan-an ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yín?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onípáàtì, "Ọdún wo ni ọkọ̀ yín?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Ìbéèrè yẹn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìjàpá tó bá ti pẹ́ láyé tó báyìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ti ara ọkọ̀ mìíràn wá, kí kábúrétọ̀ náà sì tún ti ibòmíràn wá. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, Brazil sì wà lára ibi tí wọ́n ti kó ẹ̀yà ọkọ̀ wá nígbà náà. Nítorí náà, ìwé àwọn ará Jámánì lè sọ ohun kan, kí ohun tó wà lórí ẹ́ńjìnnì yín lẹ́yìn ọkọ̀ jẹ́ òmíràn.

Ara kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ fi brọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù fọ ara ibi tí epo ń jókòó sí. Ẹ máa rí SOLEX tí wọ́n rọ mọ́ irin, lẹ́yìn náà 28 PICT, 30 PICT-1, 30 PICT-2, 30 PICT-3 tàbí 34 PICT-3. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni fífẹ̀ ihò ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ní mìlímítà. T tó gbẹ̀yìn ń sọ pé choke rẹ̀, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: nǹkan róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wáyà iná wọnú rẹ̀. Tó bá jẹ́ H 30 PIC tí kò ní T, ti Brazil nìyẹn, okùn ni wọ́n fi ń fa choke rẹ̀, kíìtì tó wà fún èyí tó ní wáyà kì í sì í bá a mu tán.

Bí lẹ́tà bá ti jẹrà, ẹ wo skúúrù. Lára 30 PICT-1 àti PICT-2, skúúrù kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ fún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, èyí tó wà lára apá tọ́tù, irin tí wáyà tọ́tù ń fà, ni wọ́n sì fi ń ṣe sílò. Lára 30 PICT-3 àti 34 PICT-3, méjì ló wà nítòsí ara wọn, ńlá àti kékeré. Ńlá yẹn ni sílò. Mẹkáníìkì tó bá lọ ń yí ti apá tọ́tù láti fi wá sílò lára àwọn wọ̀nyí, ẹ gba skúúrùdírẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó ta ti Ṣáínà fún mi ní gbogbo Ìjàpá ló ń wọ̀. 34 PICT-3 ni. Mánífóòdù tèmi, páìpù tí kábúrétọ̀ jókòó lé, ti 30 ni, bóòtù rẹ̀ sún mọ́ra ju ihò 34 lọ. Ó ní kí n tún ra irin ìsopọ̀. Irin yẹn gbé kábúrétọ̀ sókè, wáyà tọ́tù wá ń wọ́, èyí tó máa yọ mí lẹ́nu jù sì ṣì kù lẹ́yìn: disitribútọ̀ mi, tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì, jẹ́ 009, èyí tí kò ní rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ara kábúrétọ̀, òun àti 34 kì í sì í rẹ́. Tí mo bá tẹ tọ́tù ní òkè Mókọlà, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín, kó tó wá fò síwájú. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi kì í dúró kí n ṣàlàyé disitribútọ̀ fún wọn.

Kíìtì

Gáskẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró, rọ́bà pọ́ǹpù, àti wáṣà kéékèèké ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "28–34" sí lára máa ń ní gáskẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi, nítorí náà bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kò burú. Ẹ gbé tuntun lé ti àtijọ́, kí gbogbo ihò bára mu. Ihò kan ṣoṣo tó bá dí, ọ̀nà epo kan ti dí nìyẹn. Wáṣà abẹ́rẹ́ náà, ẹ dá èyí tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ padà, òun ló ń pinnu bí epo ṣe ga tó nínú kábúrétọ̀. Jẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké oníhò tí epo ń gbà kọjá, kì í sábà sí nínú kíìtì. Ẹ kọ nọ́ńbà ara wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn. Wáyà tí wọ́n bá fi ro ihò jẹ́ẹ̀tì máa ń mú un fẹ̀.

Ohun kan wà tí kíìtì ò lè tún ṣe: ọ̀pá tọ́tù tó ti jẹ. Ẹ di apá rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń ṣeré púpọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, sílò ò sì ní dúró láé àfi tí tọ́ọ̀nà bá fi búùṣì sí i.

Brosol

H 30/31 ni kẹ́ ẹ béèrè. Ihò rẹ̀ jẹ́ 31, bóòtù rẹ̀ sì jẹ́ ti 30, nítorí náà ó jókòó láìsí irin ìsopọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò yọ wá lẹ́nu. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá orúkọ náà lára irin, kì í ṣe lára páálí.

Ìyókù

Ní ti ẹwà, Ṣáínà ló ń dán jù. Ní ti rírí rà, òun náà ni. Àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ́ọ̀mù? Ẹ mi ọ̀pá tọ́tù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì ń lo iná fólítì 6 kò gbọ́dọ̀ gbé choke fólítì 12.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ibi tó wúlò sí. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ 1600, tí mánífóòdù jẹ́ ti 34, tí disitribútọ̀ sì ní rọ́bà afẹ́fẹ́, ti Ṣáínà lè ṣiṣẹ́, bí ẹ bá kọ́kọ́ tú u, tí ẹ fọ ìdọ̀tí irin inú rẹ̀, tí ẹ sì fún gbogbo skúúrù rẹ̀ le. Tí irin Solex yín bá ti là, ẹ wá Brosol. Tí kò bá là, tí ọ̀pá rẹ̀ ò sì jẹ, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi yọ irin Jámánì sọnù nítorí gáskẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà kan.

Tí ẹ bá ń lọ sí Ládìpọ̀ tàbí Àràròmí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ sì mú gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání. Òǹtajà tí kò bá gbà kí ẹ tú kíìtì wò kẹ́ ẹ fi wọn ara wọn, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.