Ọlọ́fíréèmù Taiwo Road tí mo gbé Frida lọ fún

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíréèmù, mo rí kan o, ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Taiwo Road. 4 nínú 5 ni mo fún un.

Àwòrán tí mo gbé lọ kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó o. Iṣẹ́ Frida Kahlo ni, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, èyí tó yà lọ́dún 1944 tó ń jẹ́ The Broken Column. Ara ẹ̀ ló yà, ìhòòhò dé ìbàdí, àyà là sí méjì, òpó òkúta tó ti fọ́ ló wà níbi tó yẹ kí eegun ẹ̀yìn wà, ìṣó gún un káàkiri títí dé ojú, omijé ń dà, síbẹ̀ ó ń wò yín lójú kòrókòró. Látìgbà tí wọ́n ti yọ fáíbúrọ́ìdì fún mi ni mo ti fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀, torí gbogbo ẹni tó wá kí mi, "ṣé wàá ṣì lè bímọ?" ni wọ́n ń bi, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó ń dùn mí.

A3 ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, ojúlówó ẹ̀ gan-an ò tó bẹ́ẹ̀ tán, bíi sẹ̀ntímítà 40 péré ni gígùn ẹ̀.

Alfa ni ọlọ́fíréèmù, àyà mi ń já, mo rò pé á ní kí n gbé ìhòòhò yẹn kúrò lójú òun. Ó wò ó títí. "Àǹtí, ṣé ọkọ ló ṣe báyìí fún un ni?" Mo ní rárá, jàǹbá ọkọ̀ ni, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ àti tírámù, ọkọ̀ ìgboro tó ń rìn lórí irin, ló kọlura lọ́dún 1925, ọmọ ọdún 18 ni, irin gún un wọ ìbàdí. Ti ọkọ wà lọ́tọ̀, ìyẹn bá àbúrò Frida sùn. Haa, Alfa di orí mú! Frida náà ní ọ̀rẹ́kùnrin, ó ní ọ̀rẹ́bìnrin, ìyẹn ni mi ò sọ jàre, fíréèmù ni mo bá wá.

₦9,000 ló pè é, a jọ parí ẹ̀ sí ₦7,500. Mo fẹ́ aláwọ̀ góòlù, ó kọ̀, ó ní igi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá a mu, òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta tó dá di ọjọ́ méje, ó ní kò síná. Gíláàsì náà há díẹ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni máàkì kan lọ.

Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, ìyá oníwàrà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alfa ló jókòó síwájú àwòrán náà, ó fọwọ́ mú ìbàdí. "Ẹ̀yìn tèmi rèé, látìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn." Alfa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ, ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó, kì í tajà mọ́."

Ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, ó máa ń tì. Wàrà màmá yẹn náà dáa.