Abẹ́rẹ́ kata fún ewúrẹ́ abúlé: ọdún méjì tí mo fi lo iṣẹ́ àwọn dókítà ẹran alálùpùpù

Ọdún méjì ni àwọn dókítà ẹran kan ti ń gun alùpùpù wá sí abúlé wa ní Òkè-Ògùn láti fún ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì kó ẹran mi síwájú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ kò jọ ti ọdún kejì rárá, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kan náà ni, owó kan náà sì ni, ₦500 lórí ewúrẹ́ kan. Inú kúlà, àpótí omi dídì tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ kiri, ni ìyàtọ̀ náà wà, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń rò láti pè wọ́n, tàbí àwọn mìíràn bíi tiwọn, mọ̀.

Kata ni a ń pe àrùn tí abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ yìí ń dènà. PPR ni àwọn dókítà ń kọ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí lè rò pé ikọ́ ọyẹ́ lásán ló ń ṣe ewúrẹ́. Ẹran náà á kọ oúnjẹ, ipin á dí i lójú, ikun á máa ṣàn títí yóò fi gan mọ́ ihò imú rẹ̀, egbò á bo ètè àti èrìgì, ìgbẹ́ gbuuru á wá tẹ̀ lé e, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, ilẹ̀ la máa gbẹ́ sin ín. Ní ọdún tó ṣáájú kí a tó mọ àwọn dókítà yìí, ewúrẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ní kí ọyẹ́ tó dé, márùn-ún ló kù nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Òbúkọ kan tí mo rà lọ́jà wálé ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn yìí lára ẹran tó bá ti kó o, àfi kí abẹ́rẹ́ ti ṣáájú àìsàn.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò wá láti NVRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti ọdún 1924. Nigeria 75/1 ni orúkọ kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ń lò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Bí ó bá wọ ara ẹran bó ṣe yẹ, ó lè dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta. "Bó ṣe yẹ" yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ló wà nínú ìgò, ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, tí wọ́n bá sì ti fi omi rẹ̀ pò ó, wákàtí díẹ̀ péré ló kù tí yóò fi wúlò, orí omi dídì ni yóò sì wà ní gbogbo àkókò náà.

Ní ọdún àkọ́kọ́, aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó dé, ìdajì ewúrẹ́ wa sì ti lọ jẹko. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kúlà ṣí i, mo yọjú wò ó: omi dídì ti yọ́ tán, ìwé ara ìgò ti ń bó, ìgò tí wọ́n sì ti pò ní abúlé tí wọ́n ti ń bọ̀ ló ki síríńjì bọ̀. Mo tọwọ́ bọ omi náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mikàn, ó ṣì tutù." Mo gbà fún un, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n gún lọ́jọ́ náà kó kata, wọ́n sì kú. N kò lè búra pé ooru inú kúlà nìkan ló fà á, nítorí méjì nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ààbò tí ọmọ ewúrẹ́ mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ sì lè ba agbára abẹ́rẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání ló yẹ kó sọ ọ́ fún wa kó tó gbowó.

Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Lọ́dún kejì, wọ́n ti ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé kí a má tú ẹran sílẹ̀, ìdájí ni wọ́n sì dé. Kúlà méjì ni wọ́n gbé, ọ̀kan fún ìgò tí wọn kò tíì ṣí, èkejì fún èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́. Ojú wa ni wọ́n ti po lẹ́búlẹ́bú náà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn èjìká ewúrẹ́ sókè títí ó fi dà bí àgọ́ kékeré, ó ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mílílítà kan péré, ó fọwọ́ ra ibẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìwo. Ìyá àgbà tó múlé tì wá di ewúrẹ́ tirẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, oyún ń bẹ nínú eléyìí o." Dókítà náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má fòyà. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣẹ́ oyún. Sísáré lé e káàkiri ló lè ṣẹ́ ẹ, ẹ bá mi dì í mú jẹ́ẹ́." Ọmọ méjì ni ewúrẹ́ náà bí. Kata kò wọ agbo mi ní ọyẹ́ yẹn.

Àléébù ṣì wà. Ìgò kan máa ń tó ẹran àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún, nítorí náà wọn kì í fẹ́ ṣí i fún ẹni tó ní ẹran mẹ́fà. Àfi kí àdúgbò kóra jọ, ẹni tí kò bá sì sí nílé lọ́jọ́ náà ti pàdánù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn wọn àti òbúkọ tí a rà lọ́jà kò ní ààbò kankan. Ti adìyẹ ló burú jù. Oògùn I-2 tí wọ́n ń kán sójú adìyẹ nítorí lúkúlúkú kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kí a máa tún un kán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò sì tó ohun tí èèyàn ń sanwó fún.

Síbẹ̀, màá tún pè wọ́n. A ti ṣàdéhùn oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, ilé méje ló sì ti forúkọ sílẹ̀ kí ìgò má baà ṣòfò. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin yóò dúró de ìgbà kejì tí wọ́n ṣèlérí fún oṣù kìíní. Kí wọ́n tó po ìgò kankan, èmi náà á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ kúlà.