Undertale tàbí Stardew Valley: iye tí iná lè gbà lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó ra gẹ́ẹ̀mù kankan tí àwòrán rẹ̀ jọ ti àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ti gbá a rí pé: bí iná bá lọ báyìí, ibo ni màá ti tún bẹ̀rẹ̀?

Owó ni mo fi kọ́ ìbéèrè yìí. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí kò ní bátìrì ni mo ń lò nígbà náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn Ẹnuwá. Mo ra gẹ́ẹ̀mù kan tí n kò ní dárúkọ, dátà ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Ilé àlejò inú ìlú nìkan lèèyàn ti lè pa ibi tó dé mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti rìn wákàtí mẹ́rin nínú ihò ilẹ̀, idà tí mo ń wá ti wà lọ́wọ́ mi, ó ku kí n jáde, ni gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì, inú ilé àlejò ni mo bá ara mi, kò sí idà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí n tó pa á tì. Owó yẹn wọgbó nìyẹn.

Undertale, tí Toby Fox gbé jáde lọ́dún 2015, ìdí ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló ti ń pa ibi tí ẹ dé mọ́. Ìràwọ̀ náà pọ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá a kò lè mọ̀ bóyá èyí tó kàn ti sún mọ́. Stardew Valley, gẹ́ẹ̀mù oko dídá tí Eric Barone ṣe, tó jáde lọ́dún 2016, ní tirẹ̀, àfi tí ẹ bá sùn lálẹ́ inú gẹ́ẹ̀mù. Ó jọ pé ìyẹn burú jù, ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ. Oko tí ẹ bomi rin lónìí àti ẹja tí ẹ pa lónìí, kò sí ohun míì tí iná lè gbà. Tí atẹ́gùn òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo máa ń tètè lọ sùn níbẹ̀. Lórí fóònù, ó ń pa á mọ́ láàárín ọjọ́ pàápàá.

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, tí Gẹ̀ẹ́sì kò dá lágara, kó ra Undertale. Èèyàn lè parí rẹ̀ láì pa ẹ̀dá abàmì kan ṣoṣo, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi rọlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó á gbé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọdọ̀ yá: tó bá kan ọ̀tá, ọkàn pupa kékeré kan lẹ máa darí kí ohun tó ń fò má bà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ìtàn náà wọ̀ lára, torí èyí ló ṣe fi í sílẹ̀.

Stardew gba sùúrù ju ọwọ́ yíyá lọ, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì lè jọ gbá a. Nínú gẹ́ẹ̀mù náà, ọjọ́ 28 ni ìgbà ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà 4 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ irè tí kò bá tíì gbó nígbà tí ìgbà yí padà á kú. Bàbá mi, tó ní oko kòkó lójú ọ̀nà Oǹdó, jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, kí lo tún ń gbìn?" Ẹni tó bá fẹ́ ogun àti ìtàn tó ní òpin, ó lè sú u.

Mo ní méjèèjì, méjèèjì sì dára. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ṣì lágbára, ẹ mú èyí tó wù yín. Èmi ti wà lọ́dún kẹta oko mi báyìí, lórí fóònù, iná sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.