Máàpù fóònù tàbí ọ̀nà àkọ́sórí: èwo ni ká lò ní Abẹ́òkúta?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Abẹ́òkúta máa ń béèrè ìbéèrè yìí.

Máàpù ń jẹ dátà àti bátìrì, ṣùgbọ́n àlejò lè fi dé Láfẹnwá lónìí. Àkọ́sórí kò náni lówó. Àkókò ló ń gbà.

Ti ọpọlọ ló ká mi lára jù. Hippocampus, ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ, wà lára ohun tó ń ya àwòrán ìlú sí wa lọ́kàn. Ní 1971, John O'Keefe, onímọ̀ nípa ọpọlọ, rí sẹ́ẹ̀lì nínú hippocampus eku tó ń dáhùn sí ibi tí eku náà wà. Ó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún irú iṣẹ́ yìí ní 2014. Ìwádìí kan láti London ní 2017 fi hàn pé bí èèyàn bá wọ òpópónà tuntun, ẹ̀yà yìí máa ń ta jí, àfi bó bá ń tẹ̀lé àṣẹ ẹ̀rọ atọ́nà. Ẹni tó ń fi Olúmọ àti odò Ògùn ṣàmì ń lo tirẹ̀ dáadáa.

Fóònù lè kú lójú ọ̀nà. Àkọ́sórí lè ṣini lọ́nà lóru.

Bí o bá ń kánjú, máàpù ni. Bí o bá fẹ́ pẹ́ nílùú, wò ó kó o tó jáde, kó o sì fi í sápò.